Oríkì Mi Ni Wọ́n Fi Ṣílẹ̀kùn

Ẹ kú ilé o, Bọ̀ọ̀dá mi Mùfútáù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìkòròdú níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kò fẹ́. Mo kí Ìyá Kẹ́hìndé, ìyàwó wa. Mo kí àwọn ọmọ, mo kí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi yín sílẹ̀?

Kí n tó sọ nǹkan kan, mo ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ máa ń pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa bá lọ sí ọjà Olúwo. Ẹni tó ti pẹ́ tó báyìí láyé ti gba ìmọ̀ràn tó, n kò gba ọ̀kan mọ́. Èyí tí ẹ fi rán onímọ́tò sí mi, pé kí n lọ ju kọ̀ǹpútà mi sínú ọ̀sà, kí n di ẹrù mi kí n máa bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, mo gbọ́ ọ, mo sì dá a padà pẹ̀lú onímọ́tò kan náà. Ẹ ní ẹ̀rọ tí mo gbé sínú yàrá ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Rárá o. Èmi ló ṣẹlẹ̀ sí, èmi ni n óò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo sì ti ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó wà ní Ìkòròdú gbé lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ kí gbogbo ayé kà á. Bí mo bá kọ ọ́ sí ẹ̀yin nìkan, ẹ óò ká a sábẹ́ ẹní, ẹ óò sọ fún àwọn ará ilé pé Ràbí tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ló sì ń bà mí, Bọ̀ọ̀dá. N kì í sọ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ mí. Ohun tó dé bá mi lè dé bá ìyá ẹlòmíràn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Òjò kò jẹ́ ká gbádùn níbí. Omi Ìpakodò kún títí ó fi fẹ́ẹ̀ gun orí pákó tí àwọn ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Igi ìdáná mi tutù, èéfín rẹ̀ ń ta mí lójú. Mo ṣì ń gba ẹja láti Olúwo, mo ṣì ń yan án lẹ́yìn ilé. Àwọn ará Ìkòròdú á wá, wọ́n á ní ó wọ́n, wọ́n á lọ, wọ́n á tún padà wá rà á. Ìyẹn kò yí padà.

Ṣùgbọ́n bí mo bá pa iná ààrò tán, ilé a dákẹ́. Ọkọ mi ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo wà lókè òkun. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ mọ ìlú tó wà. N kò ní kọ ọ̀kankan nínú méjèèjì síbí, ìdí rẹ̀ ń bọ̀. Ìyá arúgbó kan ló ń tọ́jú níbẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ọmọ mi ń gbé ìyá ẹlòmíràn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ń di ògiri mú dìde. N kò fi sun ẹnikẹ́ni. Bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Òun ló fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí mi, kí a lè máa kọ̀wé síra wa láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí owó fóònù ń jẹ ẹ́ run. Ọjọ́ Sunday nìkan ló máa ń pè. Ẹ rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ní ẹni tí kò kàwé ju ti ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ àwọn àgbà lọ fẹ́ máa tẹ kọ̀ǹpútà. Ó dáa. Ta ló wá tẹ lẹ́tà tí ẹ ń kà yìí?

Kọ̀ǹpútà náà kọ́kọ́ ṣàìsàn. Kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi tí fáírọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́. Àwòrán ọmọ mi pòórá, àwòrán àwọn obìnrin oníhòòhò wá ń jáde fúnra wọn, mo ń fi ìborùn bo ojú ẹ̀rọ bí àlejò bá dé. Ìyá Títí, ayálégbé mi, ará Ìsẹ́yìn tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan nítòsí gáréèjì, ló bá mi wò ó. Ó ní kọ̀ǹpútà yìí dà bí ilé tí wọ́n yọ gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ tà. Ó mú sídìì kan wá, ó ní ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà inú yàrá òun nìyẹn, Línúùsì ni wọ́n ń pè é. Mo bi í pé èló. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Mo ní kí ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìkòròdú bí kò ṣe ẹ̀fọn. Ìyá Títí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ ẹja mi.

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní àwọn èèyàn káàkiri ayé ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe é, bí ìgbà tí àwọn apẹja bá pé jọ tún àwọ̀n ẹnì kan ṣe. Ẹni tó bá rí ibi tó ya, á dí i, á sì sọ fún àwọn tó kù. Ìyẹn yé mi. Ó ní bí òun bá fi í sínú ẹ̀rọ mi, ẹnu-ọ̀nà méjì ni yóò ní. Ọ̀kan tèmi, mo lè gbabẹ̀ kọ̀wé, mo lè gbabẹ̀ wo àwòrán. Èkejì ti ọ̀gá. Ohunkóhun tó bá fẹ́ wọlé wá fìdí kalẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí ọ̀gá. Mo ní ta ni ọ̀gá nínú ilé tèmi? Ó ní ẹ̀yin náà ni, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ kò ní máa wọ aṣọ ọ̀gá dáná. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Láti ọjọ́ tó ti fi í sínú rẹ̀, ẹ̀rọ mi kò ṣàìsàn mọ́. Ó tún bá mi ṣe é tí àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ fi ń jáde bí mo bá ń tẹ Yorùbá. Ẹ wo ìwé mi, kò sí ẹni tó lè kà á sódì.

Ibì kan tí a ti ṣe àríyànjiyàn ni ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì mi, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí mo máa ń tẹ̀ kí àpótí lẹ́tà tó ṣí. Oríkì mi ni mo fi ṣe é. Àyìnkẹ́. Kí ni mo tún lè rántí láéláé bí kò ṣe ohun tí ìyá mi fi ń tù mí? Ìyá Títí ní kò dáa, ó ní ohun tí gbogbo àdúgbò ń pè lẹ́nu ọ̀nà mi láràárọ̀ kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Mo ní àwọn tó mọ oríkì mi, èèyàn mi ni wọ́n, ṣé èèyàn mi máa ń jalè? Ó ní ó dáa, Màmá. Ohùn rẹ̀ ni kò dáa.

Ìgbà tó yá, tiransifọ́mà àdúgbò bú gbàmù. Kò síná. A ń gba agbára sí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù oníjẹnẹrétọ̀ tó wà ní títì, ṣùgbọ́n ta ló máa ru kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀? Bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni mi ò lè fi lẹ́tà ọmọ mi ṣeré. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ fẹ́ jáde. Wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ìlú náà sílẹ̀ títí ìwé yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bó bá fi jáde pẹ́nrẹ́n, wọ́n ti tì í síta nìyẹn, gbogbo ọdún tó ti fi ń gbé arúgbó onílé sókè sódò wọ omi lọ. Ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Mo bá gba sáíbà tó wà lẹ́yìn ọjà lọ, níbi tí wọ́n ti ń sanwó lo kọ̀ǹpútà.

Ọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọdé, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hu funfun. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Bọ̀ọ̀dá, ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti dọ̀bálẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí. Àwọn tòde òní a kàn tẹ orí ba bí ẹni tí owó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá mi fa àga. Ó ní òun kò lè máa kí ìyá òun ní ẹ káàsán lásán, pé kí ni oríkì mi. Mo sọ fún un. Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn, ta ni nínú yín tí yóò fi oríkì rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó wà ní ìdọ̀bálẹ̀? Ó ń fi kí mi, Màmá Àyìnkẹ́ níbí, Màmá Àyìnkẹ́ lọ́hùn-ún, orí mi ń wú. Orúkọ ímeèlì mi sì wà lójú ẹ̀rọ níwájú rẹ̀, gàdàgbà.

Nígbà tí mo tún padà lọ, ẹ̀rọ kọ̀ mí. Mo tẹ oríkì mi, ó ní kì í ṣe òun. Mo wọ awò mi, mo rọra tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kì í ṣe òun. Ẹ wo irú ayé, ẹ̀rọ ń bá mi jiyàn pé èmi kọ́ ni Àyìnkẹ́. Ẹni tó ni sáíbà ní bóyá mo ti gbàgbé ni, pé ọjọ́ orí ni. Mo bi í bóyá òun ti gbàgbé orúkọ bàbá tirẹ̀ rí.

Ọjọ́ Sunday dé, ọmọ mi kò pè. Mo ní bóyá iṣẹ́ ni. Nígbà tó di ọ̀sán mo pè é, fóònù dún, ó gé e. Mo tún pè, ó tún gé e. Ọmọ tí mo bí. Mo jókòó síwájú ààrò, n kò mọ ìgbà tí ẹja jóná. Mo rò pé ó ti kú tí ẹlòmíràn ń lo fóònù rẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti mú un. Ìyá Títí ní kí n fara balẹ̀. N kò fara balẹ̀. Mo ní ṣé òun ló bí i.

Ìròlẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n mú iná wá. Ìyá Títí so fóònù rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà mi kí ó lè rí ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì, ó bá mi ṣí àpótí lẹ́tà tuntun. Mo kọ̀wé sí ọmọ mi pé èmi ìyá rẹ ni, kí ló dé tí o ń gé fóònù mọ́ mi létí?

Èsì dé kí omi tí mo gbé kaná tó hó. Bọ̀ọ̀dá, ọmọ mi pè mí ní olè. Ó ní ìyá òun ti kọ̀wé sí òun tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ti jí fóònù ìyá òun, pé ẹni tó jí i yóò máa pè, yóò sì tún fi àpótí tuntun kọ̀wé. Ó ní ìyá òun wà ní ọsibítù, pé òun ti bá a sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà tuntun, ikọ́ kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹkún ló ń sun. Ó ní òun ti fi owó iṣẹ́ abẹ ránṣẹ́. Ó ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, Thursday lòun ń bọ̀, kí òun lè bá ìyá òun láyé. Ó ní bí mo bá ní ìyá, kí n bẹ̀rù Ọlọ́run.

Mo kà á, Ìyá Títí kà á lẹ́yìn mi.

Olè yẹn, ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ fún mi ní sáíbà, ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù mi, ó sì ti ka gbogbo lẹ́tà wa. Ó mọ̀ nípa orúnkún mi. Ó mọ oríkì ọmọ mi, ó fi ń pè é. Ó mọ̀ pé èmi pẹ̀lú yín ń jà lórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó sì ti sọ fún un pé kó má pe Ẹ̀pẹ́ rárá, pé ẹ ń dúró de ikú mi ni. Ohun tí mo kọ nípa yín nígbà tí inú ń bí mi ló fi hun irọ́ yẹn. N kò tọrọ àforíjì, ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ rí i bí ó ṣe gbọ́n tó. Ó ti kọ́ ògiri yí ọmọ mi ká, ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi ṣe búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Ìyá Títí ní ohun kan ló kù. Ó ní kí n kọ ohun tí èmi àti ọmọ mi nìkan mọ̀, tí kò sí nínú lẹ́tà kankan, tí a kò sì sọ lójú ẹnikẹ́ni rí. Ẹ rò ó wò, kò rọrùn. Orúkọ, oríkì, ọjọ́ ìbí, ilé ọkọ, àìsàn, gbogbo rẹ̀ ni a máa ń sọ ní gbangba. Bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe nìyẹn. A kì í fi ara wa pamọ́ fún ara wa. Mo ronú títí. Iná ń ṣẹ́jú, mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á tún mú un lọ. Nígbà náà ni mo rántí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti òun ní etí omi Ìpakodò nígbà tó kù díẹ̀ kó rìnrìn àjò. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ má bi mí bí a bá pàdé. Ìyá Títí gan-an, mo ní kó kọjú sí ògiri kí n tó tẹ̀ ẹ́.

A jókòó. A ń retí èsì. Mo rò pé ó ti pa ẹ̀rọ tirẹ̀, pé ó ti ń di ẹrù láti máa bọ̀. Mo ń ka tèsùbáà mi, n kò mọ ohun tí mo ń kà.

Fóònù mi dún. Kò kí mi. Ó wá ní: “Màámi, ẹ̀yin ni.” Kò bi mí léèrè. Ó sọ ọ́ ni.

Mo bú u. Mo ní ṣé mo ti kú tó fi ń sunkún, mo ní ta ló kọ́ ọ kó máa pe àgbàlagbà ní olè. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n mo gbé fóònù jìnnà sí imú kó má baà gbọ́. Owó tó fi ránṣẹ́ sí olè ti lọ, owó tíkẹ́ẹ̀tì ti lọ, n kò ní sọ iye rẹ̀ fún yín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò ní ìlú náà. Ìyẹn tó mi.

Nítorí náà, ẹ yé sọ pé kọ̀ǹpútà mi ló jẹ̀bi. Olè kò wọ inú ilé mi. Títí di òní kò sí ohun tó gba ẹnu-ọ̀nà ọ̀gá kọjá. Ẹ̀rọ sáíbà ni mo lò, oríkì mi ni ó sì fi ṣílẹ̀kùn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ má sì wá sọ níbi ìpàdé ìdílé pé mo gbà pé mo jẹ̀bi. N kò gbà. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tí kò fi ọkàn dọ̀bálẹ̀ ló jẹ̀bi.

Páásíwọ́ọ̀dù mi tuntun gùn bí ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́. Kò sí ẹni tó lè fi kí mi láàárọ̀. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé àwọn tó ń tún àwọ̀n Línúùsì ṣe ti fi abùlẹ̀ tuntun ránṣẹ́, mo máa ń wọ aṣọ ọ̀gá, mo gbà á, mo bọ́ ọ. Lẹ́tà ẹni tí n kò mọ̀, n kì í ṣí i. Orúkọ ọmọ mi àti ìlú tó wà, n kì í kọ wọ́n síta mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, tó ń pè mí ní Àyìnkẹ́, tó ní mo wà ní ọsibítù tàbí pé èmi ni mo rán òun, ẹ má fún un ní omi mu. Ẹ pè mí lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀. Bí mi ò bá gbé e, ẹ rán èèyàn wá wò mí lójúkojú.

Nítorí ọkùnrin yẹn ṣì wà, Bọ̀ọ̀dá. Lẹ́tà wa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán yín níbi Iléyá wà nínú rẹ̀, àti ti ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ìwé ọmọ mi kò sì tíì jáde. Bí fóònù bá ti dún, mo máa ń kọ́kọ́ wo nọ́ńbà kí n tó gbé e. Láàárọ̀ àná, ọmọ aládùúgbò kan kúnlẹ̀ kí mi, ó ní Màmá Àyìnkẹ́, ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ tí mo mọ ìyá rẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kí n tó dá a lóhùn. Gbogbo owó yẹn kò dùn mí tó èyí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé wa, kó ṣọ́ ẹnu wa pẹ̀lú. Kó má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Kó jẹ́ kí ìwé ọmọ mi jáde kí òjò yìí tó dá, kí ojú wa rí i padà láìsí àbámọ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ ní ẹja tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn kò gbẹ dáadáa. Ẹ bá mi kí Kẹ́hìndé àti Táíwò, ẹ bá mi kí àwọn ọlọ́jà Olúwo lápapọ̀, pàápàá àwọn tí kò sọ̀rọ̀ mi láìdáa.

Èmi ni ọmọ ìyá yín,
Ràbíátù, tí ń jẹ́ Àyìnkẹ́ síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Ká ní iná wà nílé mi nígbà tí tiransifọ́mà bàjẹ́, kò sí ohun tí ìbá gbé mi dé sáíbà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ yá lọ́wọ́ mi fún fídàú àna yín, tí ẹ ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ẹ óò dá a padà, òjò ọdún kejì rèé tó ń rọ̀ lé e lórí lábẹ́ òrùlé yín. N kò fẹ́ owó rẹ̀. N kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ gbé e wá fún mi.